Gààrí ò lè tirẹ́ńdì

Ẹ jẹ́ n sọ èyí jáde kí n tó gbé e sùn. Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo tan rédíò bí mo ṣe máa ń ṣe, mo bá sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí afẹ́fẹ́ tó ń ka ohun tí àwọn ọmọ Nàìjíríà wá jù lórí Google lọ́sẹ̀ yẹn. Agbábọ́ọ̀lù kan, òṣèré kan tí ìgbéyàwó rẹ̀ tú ká, èsì ìdánwò, ẹnì kan tó kú, bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù. Ó kà á tán, ó mí kanlẹ̀, ó ní ẹ̀yin òbí, ẹ wá gbọ́ o, ohun tó wà lọ́kàn àwọn ọmọ yín nìyí, orí wọn ti ṣófo. Làwọn tó ń pè wọlé bá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bàbá kan tiẹ̀ pè láti Òmù-Àrán, ó ní kí wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo wọn ni. Inú bí mi débi pé mo pa rédíò yẹn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín máa ní ṣebí òótọ́ ló sọ, àwọn ọ̀dọ́ ò kàwé mọ́, tẹ́tẹ́ ni gbogbo wọn ń ta. Mo ti gbọ́. Ẹ gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún mi lónìí.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣe bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà nítòsí Gáréèjì Ọ̀fà ní Ìlọrin níbí. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin, pírìntà méjì, ẹ̀rọ fótókọ́pì kan, pẹ̀lú POS. Ohun táwọn èèyàn ń wá, ojú mi ló ń ṣe. Àwọn tí ò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, èmi ni wọ́n máa ní kí n bá àwọn tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n ṣe ń tún ọjọ́ ìbí ṣe lórí NIN. Oògùn tí wọ́n kọ fún màmá, kí ló wà fún. Inú rírun lápá ọ̀tún nísàlẹ̀ ìdodo. Ṣé obìnrin tó ti lé lógójì ọdún ṣì lè lóyún. Bí adìẹ ṣe ń kú lójijì nínú ilé adìẹ. Kò sí ọjọ́ kan tí Ọlọ́run dá tí ẹnì kan ò ní béèrè nǹkan tó máa jẹ́ kí n dákẹ́ díẹ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́.

Kò sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí tó máa dé inú ohun tí wọ́n ń kà lórí rédíò láéláé, ìdí rẹ̀ sì rèé. Nǹkan tí Google fi ń ṣe é, Google Trends tí wọ́n gbé jáde ní 2006, kì í sọ iye èèyàn tó wá nǹkan ní pàtó. 0 sí 100 ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ìgbà tí wọ́n wá nǹkan náà jù láàárín àkókò tí ẹ mú, ìyẹn ni 100, wọ́n á wá fi ìyókù wé e. Àwọn orúkọ tí wọ́n sì máa ń kó jáde pé ó ń tirẹ́ńdì, àwọn tó fò sókè lójijì ni, kì í ṣe àwọn tó pọ̀ jù. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọjà wò ó. Lọ́sẹ̀ Iléyá, ta ni kì í bèèrè iye tí wọ́n ń ta àgbò? Gbogbo Ìlọrin ló ń bèèrè. Gààrí ńkọ́? Ojoojúmọ́ ayé la ń bèèrè èló ni gààrí, nígbà òjò, nígbà ọyẹ́, ká tó san owó iléèwé àti lẹ́yìn tá a bá san án tán. Gààrí ò lè tirẹ́ńdì. Ohun téèyàn ń ru káàkiri lójoojúmọ́ kì í fò sókè.

Àwa nìkan kọ́ ni wọ́n sì ń ṣe é fún. Ní 2016, nígbà táwọn ará Bìrìtéènì dìbò pé àwọn fẹ́ kúrò nínú European Union (EU), ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, Google kéde pé lẹ́yìn tí èsì jáde, ìbéèrè kejì tí wọ́n bèèrè jù níbẹ̀ nípa ẹgbẹ́ náà ni pé "kí ni EU?" Gbogbo ayé bú sẹ́rìn-ín, pé ẹ wo àwọn tó dìbò tán kí wọ́n tó wá mọ ohun tí wọ́n dìbò lé lórí. Bẹ́ẹ̀ Google ò sọ bóyá ẹgbẹ̀rún èèyàn ló bèèrè àbí mílíọ̀nù kan, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá àwọn tó bèèrè tiẹ̀ dìbò. Àwọn Google fúnra wọn náà ti gbìyànjú àtifi ohun tá à ń wá mọ iye èèyàn tí àìsàn flu ń ṣe, 2008 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, iye tí wọ́n ń pè wá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì iye tó ń lọ rí dókítà lóòótọ́ ní Amẹ́ríkà. Ní 2015 wọ́n pa á tì. Tí àwọn tó ni nǹkan bá lè ṣì í kà tó báyẹn, ṣé sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó kàn rí i lórí fóònù láàárọ̀ ló máa fi mọ ohun tó wà lọ́kàn ọmọ ọlọ́mọ?

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń sọ yẹn gan-an, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí wọ́n bá mi wá sí ṣọ́ọ̀bù fún yín.

Ọjọ́ Túsìdeè ni. Kò síná, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn, oòrùn ọ̀sán sì ti wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Ọmọbìnrin kan wọlé, mi ò rò pé ó tí ì pé ọmọ ọdún méjìlélógún, ìyá ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, ìyá yẹn ló gbé ọmọ tuntun dání, wọ́n fi ṣọ́ọ̀lì we ọmọ náà débi pé imú rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Òkèlélé ni wọ́n ti wá, wọ́n ń ti ọsibítù bọ̀. Ọmọbìnrin yẹn tú bébà kan kúrò létí ìró rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí káńtà fún mi, ó fi ìka sí ibì kan. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ohun tí wọ́n kọ síbí yìí. Kí lorúkọ rẹ̀ lédè wa?"

Báírò ni wọ́n fi kọ ọ́, bí ẹni tó ń sáré. G6PD ni.

Mo bi í pé kí ló ṣe ọmọ. Ó ní ọjọ́ kejì tó bí i ni ojú ọmọ ti ń pọ́n, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta ó ti dé àyà àti ikùn, bí ẹni fi omi àtalẹ̀ pupa wẹ̀ fún un. Wọ́n gbé e lọ, wọ́n gbé e sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù fún ọjọ́ mélòó kan, ó lọ sílẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Wọ́n wá kọ tẹ́ẹ̀sì yìí fún un pé kó lọ ṣe é níta. Ó ní òun bi nọ́ọ̀sì pé tẹ́ẹ̀sì kí ni, nọ́ọ̀sì ní "ẹ ṣáà lọ ṣe é wá." Ó bi dókítà, dókítà ti ń pe nọ́ńbà tó kàn. Wọ́n wá ń rò ó láàárín ara wọn bóyá ó tiẹ̀ pọn dandan, torí owó ìkómọ ti ná wọn tán.

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dùn mí jù. Mo mọ̀ pé èrò pọ̀ níwájú wọn, mo mọ̀ pé ó ń rẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n gbólóhùn méjì péré ni! Gbólóhùn méjì tí ẹnì kan ì bá sọ fún ìyá ọmọ ní Yorùbá, wọ́n kọ lẹ́tà mẹ́ta àti nọ́ńbà kan fún un, ó wá gbé e wá sọ́dọ̀ èmi tí mò ń ṣe fótókọ́pì.

Mo tẹ̀ ẹ́. Mò ń kà á lédè òyìnbó, mò ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn bí mo ṣe ń lọ. Pé nǹkan kan ni nínú ara tó ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa kó má bàjẹ́. Pé àwọn kan wà tí tiwọn ò tó, wọ́n bí i mọ́ wọn ni, inú ìdílé ló ti ń wá, ọmọkùnrin ló sì ń bá jù, ó pọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí. Pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àwọn nǹkan kan wà tí ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn, torí tó bá sún mọ́ ọn, ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ojú rẹ̀ á pọ́n padà, tó bá wá le gan-an, ó lè ba etí ọmọ jẹ́, ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́, ó lè pa á. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn nǹkan náà. Àwọn oògùn ibà kan. Àwọn oògùn kan tó ní sulfa nínú.

Kánfọ̀.

Kí n tó kà á débẹ̀ ni mo ti ń gbóòórùn rẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti wọlé ni òórùn yẹn ti wà níbẹ̀, mi ò kàn kà á sí, torí ta ni kò mọ òórùn aṣọ ọmọ tuntun nílẹ̀ yìí? Àwọn róbótó funfun tí gbogbo wa ń jù sínú báàgì aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ara ṣọ́ọ̀lì yẹn ló ti ń jáde, ó mú lójú.

Mo ní "Ìyá, ẹ má bínú, aṣọ ọmọ yìí, ṣé ẹ fi kánfọ̀ sí i?" Inú Ìyá tiẹ̀ dùn pé mo bèèrè. Wọ́n ní àwọn làwọn ra gbogbo ẹ̀, báàgì kan gbáko, látìgbà tí oyún ti wà lóṣù keje làwọn ti kó o pamọ́ tí àwọn da kánfọ̀ sí i. Mo wá ka ohun tó wà níwájú mi fún wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, díẹ̀díẹ̀. Ojú wọn yí padà. "Ọmọ méje ni mo bí. Gbogbo wọn ni mo fi kánfọ̀ tọ́jú aṣọ wọn. Kò sí èyí tó ṣe bẹ́ẹ̀." Mo ní òótọ́ lẹ sọ, Ìyá, kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń bá, ìdí tí wọ́n fi ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ wò nìyẹn. Ìyàwó ò sọ̀rọ̀. Kò lè sọ̀rọ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ ni.

Ìyá wo ọmọ yẹn títí. Wọ́n wá gbé ṣọ́ọ̀lì sí imú wọn, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u lára ọmọ fúnra wọn. Wọ́n ká a, wọ́n bi mí bóyá mo ní ọ̀rá, wọ́n kì í sínú ọ̀rá, wọ́n ta á ní kókó ẹ̀ẹ̀mejì. Mo bọ́ ìborùn mi fún wọn, wọ́n fi wé ọmọ.

Ìyá máa ń ka Yorùbá dáadáa, mo wá ní kí n wá a jáde lédè wa kí wọ́n lè rí i fúnra wọn. Mo tẹ kánfọ̀ àti ọmọ tuntun. Fídíò orin ló gbé jáde, àti ẹni tó ń ta àgbo. Mo gbé báírò, mo kọ ọ́ sẹ́yìn bébà ọsibítù yẹn ní lẹ́tà gàdàgbà: KÁNFỌ̀ Ò GBỌ́DỌ̀ SÚN MỌ́ ỌMỌ YÌÍ. Ẹ LỌ ṢE TẸ́Ẹ̀SÌ YÌÍ.

Ohun táwọn èèyàn wá lọ́sẹ̀ yẹn nìyẹn. Ẹ kà á lórí rédíò.

Lẹ́yìn tí mo pa rédíò tán láàárọ̀ Sátidé yẹn, mo lọ sórí Google Trends fúnra mi, mo ní kí n wá ẹ̀rí tí mo máa fi pe sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yẹn. Mo yan Kwara, mo yan ọjọ́ méje, mo tẹ G6PD. Ó ní dátà tó wà ò tó ohun tí òun lè fi hàn. Mo tẹ orúkọ agbábọ́ọ̀lù yẹn, ìlà yẹn gòkè fíofío.

Látìgbà náà ni ọkàn mi ò ti balẹ̀. Mo ti ń sọ ọ́ fún gbogbo yín látòkè pé ojoojúmọ́ làwọn èèyàn ń bèèrè ohun tó jẹ wọ́n lógún, pé kì í kàn ń fò sókè ni. Àbí wọn ò tiẹ̀ bèèrè? Ọmọ tuntun tí wọ́n ń gbé sábẹ́ iná búlúù ní ìpínlẹ̀ yìí lọ́sẹ̀ kan, kì í ṣe ẹyọ kan. Àwọn ìyá ìyókù, ibo ni bébà tiwọn wà? Bóyá wọ́n ṣàlàyé fún wọn dáadáa. Bóyá ó ṣì wà létí ìró. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yẹn ṣì ṣì í sọ, mi ò yí ìyẹn padà, ṣùgbọ́n mi ò pè é mọ́.

Kí wọ́n tó lọ, ọmọbìnrin yẹn bi mí pé èló ni wọ́n ń ṣe tẹ́ẹ̀sì yẹn ní Ìlọrin níbí. Mo wá a wá a, Google ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é fún ọmọ yín láìpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ iye tí ẹ san síbí, torí wọ́n ní àwọn máa padà wá.