Ta ni aṣòfin yín?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù bàbá kan tó ń ránṣọ fún mi l'Ádó-Èkìtì. A tó márùn-ún níbẹ̀. Mo bi wọ́n pé ta ni ń ṣojú àdúgbò náà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Kẹ́kẹ́ pa. Ti gómìnà ńkọ́? Wọ́n mọ̀ ọ́n tìyàwó-tìyàwó.

Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìjọba àwaarawa ti ń jò mọ́ wa lára.

Kì í ṣe pé Èkìtì ò mọ ìbò dì o. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, a fi ìbò yọ gómìnà tó wà lórí oyè, alátakò rẹ̀ borí ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16, gómìnà yẹn sì kí i kú oríire. Ilé ẹjọ́ náà ṣe tiẹ̀, bó tilẹ̀ falẹ̀: ìbò gómìnà tá a dì ní 2007, ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá 2010 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó jókòó n'Ílọrin ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé Kayode Fayemi, ọ̀kan nínú àwọn tó du ipò náà, ló ni ín. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ ìbò yẹn ti ń sáré kiri ìta.

Ilé aṣòfin wá ńkọ́? Ní oṣù kọkànlá 2014, méje péré nínú aṣòfin 26 ló jókòó, tí wọ́n ní àwọn ti yọ abẹnugan. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sì là á yé wa: ìdá méjì nínú mẹ́ta ló lè yọ ọ́, èèyàn 18 nìyẹn. Kí ilé tiẹ̀ tó lè jókòó rárá, wọ́n gbọ́dọ̀ pé mẹ́sàn-án. Kí làwa ará ìlú ṣe sí i? A fi ṣẹ̀fẹ̀: méje ju mọ́kàndínlógún lọ! A rẹ́rìn-ín, a lọ jẹyán.

Àwọn wọ̀nyí ló ń buwọ́ lu ìṣúná, àwọn ló ń yẹ kọmíṣọ́nnà wò, àwọn ló lè bi gómìnà léèrè owó. Ṣùgbọ́n ẹni tó fún wọn ní tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń bẹ̀rù, nítorí àwa kì í kanlẹ̀kùn wọn àfi tá a bá fẹ́ gbowó ìsìnkú.

Bí mo ṣe ń rojọ́ yìí lọ, bàbá aránṣọ gbójú sókè lórí ẹ̀rọ.

“Ìwọ náà ńkọ́? Ta ni tìrẹ?”

“Bàbá, ẹ jẹ́ n yẹ fóònù mi wò ná.”