Ta Ló Ní Kò Sí Ìṣirò ní Yunifásítì Liberal Arts?

Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé ọmọ tí ìṣirò ń dà láàmú ni yunifásítì liberal arts (ibi tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jọ kọ́ oríṣiríṣi ẹ̀kọ́, yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí kálukú yàn) wà fún, pé lítíréṣọ̀ àti ìtàn nìkan ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Irọ́ ni, ó sì ń dùn mí, nítorí irọ́ yìí ni wọ́n fi ń lé ọmọ tó gbọ́n nínú sáyẹ́ǹsì sẹ́yìn.

Ẹ wo Ashesi, yunifásítì liberal arts kan ní Gánà. Patrick Awuah tó dá a sílẹ̀ ní 2002 kọ́ ìmọ̀ ẹnjiníà, ó sì bá Microsoft ṣiṣẹ́ fún ọdún pípẹ́. Níbo ló ti kọ́ ẹnjiníà ọ̀hún? Swarthmore ni, kọ́lẹ́ẹ̀jì liberal arts ní Pennsylvania, Amẹ́ríkà, tí àwọn Quaker, ìjọ Kristẹni kan, dá sílẹ̀ ní 1864. Ibẹ̀ náà ni John Mather ti kọ́ físíìsì, kó tó wá gba ẹ̀bùn Nobel ní 2006.

Inú ilé tí wọ́n rẹ́ǹtì ní Accra ni Ashesi ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 30. Ní 2011 ni wọ́n kó lọ sórí òkè Berekuso. Kọ̀ǹpútà àti okòwò ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ni. Ní 2015, ẹnjiníà dé: ti ẹ̀rọ, ti iná mànàmáná àti ti kọ̀ǹpútà.

Kí ló wá sọ ọ́ di liberal arts? Àwọn ẹ̀kọ́ tí gbogbo wọn jọ ń ṣe ni. Ọmọ ẹnjiníà gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ti ń kọ èrò ọkàn sílẹ̀ kó yéni, kó sì kọ́ nípa ilẹ̀ Áfíríkà. Ọmọ okòwò náà ò lè sá fún ìṣirò. Láyé àtijọ́ ní Yúróòpù pàápàá, ẹ̀kọ́ 7 ló wà lábẹ́ orúkọ yìí, ìṣirò, jiọ́mẹ́tírì àti ìmọ̀ ìràwọ̀ sì wà lára wọn.

Èyí tó wú mi lórí jù ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ashesi fúnra wọn ló dìbò pé àwọn yóò máa ṣe ìdánwò láìsí olùṣọ́. Ẹni tó bá rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jí ìwé wò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta.

Ohun tó yẹ kí òbí máa ro ni owó, nítorí ilé ìwé aládàáni ni, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ló ń gba ìrànlọ́wọ́ owó, nítorí náà ẹ béèrè nípa rẹ̀ kí ẹ tó sọ pé agbára yín ò ká a. Ọmọ tó bá sì fẹ́ di dókítà, kó wá ibòmíràn, wọn kì í kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Ashesi.