Ibi mẹ́ta lọ́jọ́ kan ti pọ̀ jù fún màámi (àti fún èmi náà)

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí láyè kí n sọ ọ́ o, torí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti Sátidé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òbí tó wá kí yín ní London, tẹ́ ẹ fẹ́ gbé wọn jáde kí wọ́n lè rí ìlú òyìnbó dáadáa, tẹ́ ẹ bá rí ìpolówó kóòṣì tó ní Windsor (ààfin ọba), Stonehenge (àwọn òkúta ńlá ayé àtijọ́) àti Bath (ìlú omi gbígbóná) lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó sanwó. Mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ o. Mo ní kẹ́ ẹ rò ó.

Ìbàdàn ni màámi ti wá. Ẹni ọdún 76 ni wọ́n, orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu díẹ̀. Àtìgbà tí wọ́n ti bọ́ọ́lẹ̀ ní Heathrow, ohun kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu wọn, wọ́n fẹ́ rí ibi tí wọ́n sin Kuíìnì sí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lọ́dún 1956 tí Kuíìnì Elizabeth wá sí Nàìjíríà tó sì dé Ìbàdàn, ọmọ ọdún méje ni màámi, wọ́n kó àwọn ọmọ iléèwé jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú àsíá kékeré lọ́wọ́, wọ́n dúró nínú oòrùn títí ẹsẹ̀ fi ń ro wọ́n, ìgbà tí mọ́tò máa dé, fìrì, ó ti kọjá, ìbọ̀wọ́ funfun nìkan ni wọ́n rí. Ìtàn ìbọ̀wọ́ yẹn la gbọ́ dàgbà nílé wa.

Ìdí tí mo fi ra tíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Windsor, níbi tí wọ́n sin Kuíìnì sí, ni mo rà á fún, Stonehenge àti Bath ni mo kà sí ènì.

Láago mẹ́jọ àárọ̀ la wọ kóòṣì ní Victoria. Gáìdì wa mọ iṣẹ́ o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ William tó ti Normandy wá gba ìlú lọ́dún 1066 tó sì ní kí wọ́n kọ́ odi sórí òkè Windsor, ẹ máa rò pé ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni. Àmọ́ kó tó gbé máíkì sílẹ̀ ló sọ fún wa pé aago mọ́kànlá ààbọ̀ kóòṣì ń lọ, kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. A dé ẹnu géètì, ìlà gùn bíi ti éápọ́ọ̀tù, wọ́n ń yẹ báàgì wò, wọ́n bá ọ̀bẹ kékeré tí màámi fi ń bó ọsàn nínú báàgì wọn, ọ̀rọ̀ di bíńtín-ń-tín, di ńlá. Nígbà tá a máa fi wọlé, ogójì ìṣẹ́jú ló kù. A ò wo yàrá ọba kankan, a ò wo àwòrán, Ṣápẹ́ẹ̀lì St George la dorí kọ, pẹ̀lú orúnkún yẹn lórí òkúta wẹ́wẹ́.

Ibẹ̀ ni Kuíìnì wà. Òkúta dúdú kan nílẹ̀, orúkọ mẹ́rin lórí ẹ̀, bàbá ẹ̀ George, màmá ẹ̀ Elizabeth, òun náà Elizabeth, ọkọ ẹ̀ Philip. Ó tán. Kò sí góòlù, kò sí nǹkan rẹpẹtẹ. Màámi dúró, wọ́n di báàgì wọn mú níwájú, wọ́n ń ka orúkọ yẹn jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni ń ka Bíbélì. Àwọn èèyàn sì wà lẹ́yìn wa tí wọ́n ń rọ́ bọ̀. Èmi ni mo wo aago. Èmi náà ni mo sọ pé, "Màámi, ẹ jẹ́ ká máa lọ, wọ́n máa fi wá sílẹ̀ o."

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "A tún ti kọjá fìrì nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi títí a fi dé Stonehenge.

Ó yá, Stonehenge. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín máa ní òkúta lásán ni. Láti ojú títì A303 tẹ́ ẹ bá ń wò ó, ó kéré, ẹ máa rò pé wọ́n ti gbá yín ni. Ẹ sún mọ́ ọn ná. Àwọn òkúta ńláńlá yẹn, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 25 ni ọ̀kan ń wọ̀n, nínú igbó kan tó jìnnà tó kìlómítà 25 síbẹ̀ ni wọ́n ti wọ́ wọn wá, àwọn kéékèèké tó wà láàárín sì wá láti orí òkè ní Wales, ó lé ní igba kìlómítà, ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ọdún ó lé sẹ́yìn, kò sí kéréènì, kò sí títì. Lọ́dún 2024 làwọn onímọ̀ tún wá sọ pé ọ̀kan tó dùbúlẹ̀ láàárín, apá àríwá Scotland ló ti wá! Màámi ní Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ga ju púpọ̀ nínú wọn lọ, òótọ́ sì ni. Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu jù ni pé wọ́n lu ibẹ̀ ní gbànjo lọ́dún 1915, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Cecil Chubb san £6,600, ó sì fi ta ìjọba lọ́rẹ lọ́dún 1918. "Wọ́n ta ojúbọ?" Wọ́n bi gáìdì léèrè lẹ́ẹ̀mejì, mo ń túmọ̀. Atẹ́gùn ibẹ̀ fẹ́ẹ̀ gbé gèlè lọ.

Bath ló wá dùn mọ́ wọn nínú jù, ibi tí mi ò retí. Omi gbígbóná ń sun láti inú ilẹ̀, ó tó 46 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó lé ní mílíọ̀nù kan lítà lójúmọ́, àwọn ará Róòmù kọ́ ilé ìwẹ̀ yí i ká, wọ́n sì kọ́ tẹ́ḿpìlì fún òrìṣà omi náà, Sulis Minerva. Màámi fẹ́ tọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Màámi ní ó sàn káwọn ti lọ sí Ìkọ́gòsì.

Àmọ́ ibì kan wà nínú ilé yẹn tí wọ́n to àwọn òjé pẹlẹbẹ sí. Nǹkan bí 130 ni wọ́n rí nínú omi. Èpè ni! Tí wọ́n bá jí aṣọ ẹ níbi tó o ti ń wẹ̀, wàá kọ ẹjọ́ ẹ sórí òjé, wàá ká a, wàá jù ú sínú omi fún òrìṣà. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Docilianus, wọ́n jí aṣọ òtútù ẹ̀, ó ní ẹni tó jí i, ì báà ṣọkùnrin, ì báà ṣobìnrin, ì báà ṣẹrú, ì báà ṣọmọ, kó má rí oorun sùn, kó má rọ́mọ bí, títí á fi gbé aṣọ òun wá sí tẹ́ḿpìlì. Mo túmọ̀ ẹ̀ fún màámi tán, wọ́n pàtẹ́wọ́, "Ẹ̀n-ẹ́n! Èyí yé mi!" Àwọn òyìnbó tó wà níbẹ̀ ń wò wá. Èmi ń rò ó pé níbo ni mo ti lè rí òjé rà fún ẹni tó já fóònù mi gbà ní Peckham.

Ibẹ̀ náà, wákàtí kan àti díẹ̀ ni. A tún sáré.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà lórí àga kóòṣì, ká tó wá pín ìyókù sí ọ̀nà mẹ́ta, ká yọ ìlà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kúrò níbẹ̀. Bath nìkan tó odindi ọjọ́ kan. Tí ẹ bá jẹ́ ọmọ ogún ọdún tó kàn fẹ́ ya fọ́tò fún Instagram, ẹ lọ, á bá yín lára mu. Òbí àgbà kọ́.

Mo ti tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Sátidé tó ń bọ̀ a tún ń lọ, Windsor nìkan, tréènì la máa wọ̀ láti Waterloo, kò sí pé à ń pààrọ̀ ọkọ̀. Màámi ti ní àwọn máa se mọ́ínmọ́ín dání, ọ̀bẹ ọsàn á sì dúró sílé.