Kì í ṣe torí ọgbẹ́ tó dì ni wọ́n fi pa Edith Cavell

Tí oṣù May bá ti wọlé, tí Ọjọ́ Àwọn Nọ́ọ̀sì ń bọ̀, ẹ ò ní ríbi sá sí lórí WhatsApp, wọ́n á ti máa fi fọ́tò Edith Cavell, mẹ́tírọ̀nù ọmọ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ránṣẹ́ kiri, wọ́n á ní àwọn Jámánì yìnbọn pa á torí pé ó ń tọ́jú ṣọ́jà tó fara gbọgbẹ́. Ẹlòmíì á fèsì pé irọ́ ni, amí ni. Ó ti sú mi.

Tọ́jú ṣọ́jà kẹ̀? Ilé ìwòsàn tó ń darí ní Brussels, ní Belgium, abẹ́ Red Cross ló bọ́ sí nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní dé ní 1914, tí àwọn Jámánì sì gba ìlú náà, ṣọ́jà Jámánì gan-an wà lára àwọn tí wọ́n tọ́jú níbẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló sì sọ fáwọn nọ́ọ̀sì ẹ̀ pé ibi yòówù kí ẹni tó gbọgbẹ́ ti wá, kí wọ́n gbà á. Ta ló máa wá torí ìyẹn pa á?

Ohun tó ṣe rèé. Lẹ́yìn ìjà Mons ní Belgium, àwọn ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kan há sẹ́yìn, wọ́n ń sá pamọ́ kiri. Ní November 1914 ẹnìkan mú méjì wá bá mẹ́tírọ̀nù, ó gbà wọ́n. Bó ṣe di iṣẹ́ nìyẹn o: wọ́n á sùn lórí bẹ́ẹ̀dì bí aláìsàn, wọ́n á ṣe káàdì ayédèrú fún wọn, amọ̀nà á wá kó wọn lọ sí bọ́dà Họ́láǹdì tí kò sí nínú ogun. Àwọn bíi 200 ló gbọwọ́ ẹ̀ kọjá. Lábẹ́ òfin ológun Jámánì, ẹni tó bá ń kó ṣọ́jà padà fún ọ̀tá, ikú ni.

Wọ́n mú un ní 5 August 1915, wọ́n tì í mọ́ ẹ̀wọ̀n St Gilles. Ní kóòtù kò tiẹ̀ jiyàn, ó tún fẹnu ara ẹ̀ sọ pé àwọn kan nínú àwọn ṣọ́jà tó ràn lọ́wọ́ ti kọ̀wé dúpẹ́ láti ìlú ọba. Ẹ ò rí nǹkan! Èèyàn tí Eva Luckes, ọ̀gá ẹ̀ ní London Hospital, ti kọ sílẹ̀ nípa ẹ̀ nígbà kan pé kì í tètè dé ibi iṣẹ́, òun ló wá di ẹni tí kò lè purọ́ lójú ikú.

Ọ̀rọ̀ amí ńkọ́? Kò sí nínú ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn. Àmọ́ ní 2015 Stella Rimington, tó ti ṣe ọ̀gá MI5, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìlú ọba, rí, gbé e jáde pé àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ náà ń fi ìròyìn ogun ránṣẹ́ sí ìlú ọba, wọ́n rán òmíì mọ́ aṣọ, wọ́n ki òmíì sínú bàtà. Ìyẹn lè jẹ́ òótọ́ kó má sì jẹ́ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ pa á.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti pé ó dákú, pé ọ̀gá ṣọ́jà wá fi ìbọn ìléwọ́ pa á nílẹ̀. Póòsìkáàdì ogun ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí inú lè bí àwọn èèyàn, kí àwọn ọ̀dọ́ sì lọ wọṣẹ́ ṣọ́jà. Pásítọ̀ Jámánì tó sìn ín débẹ̀ láàárọ̀ 12 October, Le Seur, kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n so ó mọ́ òpó, wọ́n fi aṣọ di ojú ẹ̀, ṣọ́jà tó dì í sì sọ fún un pé omijé kún ojú náà. Wọ́n yìnbọn, ó parí. Philippe Baucq, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ náà, ni wọ́n jọ pa.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ tẹ́ ẹ máa ń rí nídìí fọ́tò yẹn náà, pé ìfẹ́ orílẹ̀-èdè nìkan ò tó, pé òun ò gbọdọ̀ kórìíra ẹnikẹ́ni, kì í ṣe iwájú ìbọn ló ti sọ ọ́. Alẹ́ tó ṣáájú ni, nínú yàrá ẹ̀wọ̀n, Reverend Gahan tó wá fún un ní Kọmúníọ̀n ló sọ ọ́ fún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wà ní London, ère ẹ̀ wà nítòsí Trafalgar Square, 1920 ni wọ́n ṣí i. "Fún Ọba àti Orílẹ̀-èdè" ni wọ́n kọ sí i. Ó di 1924 kí wọ́n tó fi ọ̀rọ̀ tòun fúnra ẹ̀ kún un nísàlẹ̀.