Ẹ Gbé Orúkọ Yín Wá Síbi Tí Gọ́tà Yín Wà

Bí ọjọ́ ìbò káńsù bá kò ní Àkúrẹ́, àwọn ọmọdé ni inú wọn máa ń dùn jù. Mọ́tò kì í rìn, títì á ṣófo, wọn á to òkúta méjì síhìn-ín àti méjì sọ́hùn-ún, bọ́ọ̀lù á sì bẹ̀rẹ̀. Ní ibùdó ìdìbò tí kò jìnnà sí wọn, òṣìṣẹ́ elétò ìdìbò á jókòó ti àpótí rẹ̀, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ á máa tẹ fóònù, agbófinró á máa tòògbé lórí bẹ́ǹṣì. Ó lè di aago mẹ́wàá kí ìyá àgbà kan tó yọ, kí ó na káàdì rẹ̀, kí wọ́n wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, kí ó tẹ̀ka, kí ó sì béèrè bó ṣe ń nu íńkì ọwọ́ rẹ̀ pé: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé èmi nìkan ni mo wá ni?"

Ìbéèrè ìyá yẹn ni a fẹ́ dáhùn lónìí. Èrò wa ni pé ó yẹ kí a máa jáde dìbò káńsù, kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé olùdìbò ìlú mìíràn gbé e wá sí ibi tó ń gbé báyìí, láì dúró de ọdún ìbò gómìnà. Ṣùgbọ́n a ò ní kọjú ọ̀rọ̀ yìí sí ará ìlú nìkan kí a wá fi ODIEC, àjọ elétò ìdìbò ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó, sílẹ̀, nítorí pé àjọ tó bá fẹ́ kí ènìyàn jáde gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tó jáde rí i pé wọ́n ka òun mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣírò. Nígbà ìbò gómìnà ti 16 oṣù kọkànlá ọdún 2024, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí jẹ́ 2,053,061. Àwọn tó lọ gba káàdì wọn jẹ́ 1,757,205, èyí tó túmọ̀ sí pé káàdì 295,856 ló wà nílẹ̀ tí olúwa rẹ̀ kò wá mú. Lọ́jọ́ ìbò gan-an, àwọn tí wọ́n yẹ káàdì wọn wò kò ju 508,963 lọ. Ẹnì kan nínú mẹ́rin nìyẹn, tòun ti gbogbo ariwo rédíò, ìlù àti ìpolongo tó ṣáájú rẹ̀. A ò rò pé ẹnikẹ́ni yóò jiyàn pé ti káńsù máa ń pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́ọ̀dù 203 ló wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Bí a bá pín àwọn tó forúkọ sílẹ̀ sí wọn dọ́gba, wọ́ọ̀dù kan á ní bíi 10,100 olùdìbò. Bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá bá jáde, ẹgbẹ̀rún kan lé díẹ̀ ni wọn, tó bá sì jẹ́ ẹni méjì ló ń du ipò káńsẹ́lọ̀, ẹni tó bá rí ìbò 510 ti wọlé. Ènìyàn 366,781 ló dìbò fún ẹni tó di gómìnà, ta ni yóò wá ìbò tirẹ̀ rí láàárín wọn? Ṣùgbọ́n nínú 510, àwọn aláta Ọjà Ọba àti àwọn télọ̀ tó wà ní wọ́ọ̀dù kan náà lè jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ kan kí wọ́n pinnu ẹni tí wọ́n fẹ́, kí ó sì rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ìbò tí ìka ẹnì kan ti wúwo tó báyìí, òun náà sì ni a fi ń gbá bọ́ọ̀lù.

Iṣẹ́ káńsù kì í ṣe ohun tó jìnnà sílé. Àfikún kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kà á sílẹ̀: ọjà, páàkì mọ́tò, ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù, ilé ìyàgbẹ́ fún gbogbo ènìyàn, itẹ́ òkú, kíkó pàǹtí, títì àdúgbò, iná ojú títì, gọ́tà, orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé, ìwé ẹ̀rí ìbí àti ti ikú. Kódà ọmọlanke tó ń kó ẹrù lọ́jà, káńsù ni òfin fún láṣẹ láti fún un ní ìwé ìyọ̀ǹda.

Ẹni tó bá ń gbé létí odò Àlà mọ ohun tí à ń wí. Bí òjò bá rọ̀ fún wákàtí méjì, ike, ọ̀rá piọ́wọ́tà àti ìdọ̀tí tí ẹnì kan dà sínú gọ́tà lókè á ṣàn wá dí ẹnu afárá, omi á sì wá ilé onílé wọ̀. Nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù kan lápá ibẹ̀, wọn kì í gbé àpò ìrẹsì lélẹ̀ mọ́. Búlọ́ọ̀kù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n fi ń gbé e sókè láti ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ títí tí yóò fi dá, àmì ibi tí omi ọdún tó kọjá dé sì wà lára ògiri bí ẹni fi ṣọ́ọ̀kì fà á. Gómìnà kọ́ ni yóò wá kó gọ́tà yẹn, ààrẹ kò tilẹ̀ mọ orúkọ àdúgbò náà. Ohun tó ń yà wá lẹ́nu ni pé ẹgbẹ́ onílé ń dá owó láti tún ọ̀nà ṣe, láti ra tiransifọ́mà, láti san owó ọdẹ, wọ́n sì ń mú ẹni tí kò bá san án. Àwọn onílé kan náà, lọ́jọ́ tí wọ́n ń yan ẹni tó yẹ kí ó ṣe iṣẹ́ yìí fún wọn, inú ilé ni wọ́n máa ń wà.

Ẹnì kan nínú àwa tó ń kọ ìwé ìròyìn yìí ti ń gbé ní Òkè-Àró fún ọdún mọ́kànlá, Ìkàrẹ́ ni orúkọ rẹ̀ sì wà títí di àìpẹ́ yìí, nítorí pé ibẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ nígbà tó gba káàdì. Bí ó bá fẹ́ dìbò, àfi kí ó ti lọ sùn sí Ìkàrẹ́ láti ọjọ́ Ẹtì, torí mọ́tò kì í rìn lọ́jọ́ kejì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún ìbò gómìnà, kò ṣe é rí fún ti káńsù. Bí a bá bi í léèrè, á ní: "Kí ni mo fẹ́ fi káńsẹ́lọ̀ Ìkàrẹ́ ṣe?" Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ti Òkè-Àró ńkọ́? Ẹni tí kò sí nílé ni ewúrẹ́ rẹ̀ ń bí akọ. Irú rẹ̀ pọ̀ ní Àkúrẹ́: òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti Òkìtìpupa wá sí Alágbàká, oníṣòwò tó ti Ọ̀wọ̀ wá, akẹ́kọ̀ọ́ FUTA tó lo ọdún márùn-ún ní ìlú tí kò ti dìbò rí.

Gbígbé orúkọ láti ìlú kan sí òmíràn kò gba owó. INEC, àjọ elétò ìdìbò ti gbogbo Nàìjíríà, ló ni ìwé orúkọ olùdìbò, ìwé yẹn náà ni ODIEC sì ń lò fún ìbò káńsù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dúró de ìgbà tí ODIEC yóò kéde ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ni. INEC bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní 18 oṣù kẹjọ ọdún 2025, wọ́n sì ṣí ọ́fíìsì wọn fún un ní 25 oṣù náà, ṣùgbọ́n òfin kò jẹ́ kí ilẹ̀kùn yẹn ṣí títí, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ tì í kí ìbò gbogbogbòò tó dé. Ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 18 tí kò forúkọ sílẹ̀ rí, ọ́fíìsì INEC tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ ni kí ó lọ. Ẹni tó ti ní orúkọ níbòmíràn, kí ó sọ fún wọn pé òun fẹ́ gbé e kúrò ni, kí ó má lọ ṣe tuntun. Ẹ̀ṣẹ̀ ni ìforúkọsílẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì lábẹ́ òfin, ẹ̀rọ tó ń yẹ ìtẹ̀ka wò sì ń mú un.

A kò ní díbọ́n pé a ò gbọ́ ohun tí ará ìlú ń sọ. Wọ́n ní ẹni tí yóò wọlé ti wọlé kí àpótí tó dé. Gómìnà ló ń yan àwọn tó ń darí ODIEC, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ á sì fọwọ́ sí i, bí òfin ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn. Nínú ìbò 18 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ẹgbẹ́ APC tó ń ṣèjọba ló gba ipò alága ìjọba ìbílẹ̀ 18 pátá, kò ku ẹyọ kan. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn náà, bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí, ẹgbẹ́ yòówù kó wà lórí oyè. Ṣáájú ìgbà náà, 22 oṣù kẹjọ ọdún 2020 la dìbò káńsù kẹ́yìn, ó lé ní ọdún mẹ́rin kí òmíràn tó wáyé. Ẹni tó bá ní kí èyí má bí olùdìbò nínú, àfi bí kì í bá gbé Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n ta ni ìjókòó sílé wa ń ṣe láǹfààní? Ibi tí ènìyàn 20 ti jáde, tí wọ́n bá kọ 300 sílẹ̀, ta ló wà níbẹ̀ tí yóò sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀? Owó náà kì í ṣe kékeré mọ́. Ní 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 tó wà ní Nàìjíríà máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, pé gómìnà kò gbọ́dọ̀ tú káńsù tí ará ìlú yàn ká kí ó fi kẹ́ẹ̀tékà, ìgbìmọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ yàn, rọ́pò rẹ̀, àti pé káńsù tí a kò dìbò yàn kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó náà. A mọ̀ pé ìdájọ́ lọ́tọ̀, ìmúṣẹ lọ́tọ̀. Síbẹ̀, ìdìbò ni ilé ẹjọ́ so owó yẹn mọ́.

Ìpínlẹ̀ yìí kò sì ṣàìmọ iyì ìbò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1983, nígbà tí FEDECO, àjọ elétò ìdìbò ìgbà náà, kéde pé Akin Ọmọbóríowó ti ẹgbẹ́ NPN ló borí Adékúnlé Ajásin ti ẹgbẹ́ UPN nínú ìbò gómìnà, iná sọ, ẹ̀mí ṣòfò, kí ilé ẹjọ́ tó dá ipò padà fún Ajásin. A kò yin rúkèrúdò yẹn, àwọn tó ṣojú wọn kì í tilẹ̀ fẹ́ rántí rẹ̀. Ní 23 oṣù kejì ọdún 2009, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn tó jókòó ní Bìní sọ pé Olúṣẹ́gun Mímikò ló wọlé nínú ìbò gómìnà tí a ti dì láti 2007. Nínú ọ̀ràn méjèèjì, àwọn ènìyàn ti jáde dìbò, ohun tí adájọ́ lè kà sì wà nílẹ̀.

Nítorí náà, ohun kan ni a ń béèrè lọ́wọ́ ODIEC, kò sì le. Kí àjọ náà má kéde orúkọ ẹni tó wọlé nìkan, kí ó kéde iye ènìyàn tó dìbò ní ibùdó kọ̀ọ̀kan nínú ibùdó ìdìbò 3,933 tó wà ní ìpínlẹ̀ yìí. Kí wọ́n kọ ọ́ sórí pépà lọ́jọ́ ìbò gan-an, kí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kí àpótí tó kúrò nílẹ̀, kí wọ́n sì gbé àwòrán rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì bí INEC ti ń ṣe lórí IReV, ojú òpó íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń fi èsì ìbò han gbogbo ènìyàn. Gọ́ọ̀mù àti pépà ni. Bí iye náà bá jẹ́ 19, kí wọ́n kọ 19, kí ojú ti gbogbo wa. Kí ìyá àgbà tó béèrè bóyá òun nìkan lòun wá lè yà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì bó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ka nọ́ńbà náà sí i létí.