Epo bẹntiróò kì í ṣe epo pupa

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń yún mi lẹ́nu.

Ìyá mi ta epo pupa ní ọjà Sábó títí agbára wọn ò fi gbé e mọ́. Ìwọ̀nba òwò tí mo mọ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ ọ: ra epo nígbà tó bá pọ̀, gbé e pamọ́, tà á nígbà tó bá wọ́n. Epo pupa gba bẹ́ẹ̀. Ọyẹ́ á mú un, á dì, ẹ gbé e sí oòrùn, á yọ́, ọbẹ̀ ò ní mọ ìyàtọ̀.

Ọgbọ́n yìí náà ni mo gbé lọ sí ilé epo ní 29 oṣù Karùn-ún, 2023, lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Tinubu tó sì ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Mo ki nǹkan bọ ọmọ tó ń ta epo lọ́wọ́, ó rọ kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin fún mi, 25 lítà ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ẹ̀gì òróró ni gbogbo wọn. Kò pẹ́ tí lítà kan fi gorí 480 náírà l'Ékòó, nígbà tó sì di oṣù Keje, ó ti lé ní 500. Inú mi dùn bí ẹni tó tètè ra ilẹ̀. Mo ń ra tuntun lò, mo fi tèmi sí abẹ́ àtẹ̀gùn de ọjọ́ burúkú.

Ọjọ́ burúkú dé ní oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, tiransifọ́mà àdúgbò wa jó. Mo ṣí kẹ́ẹ̀gì, òórùn ọ̀dà àtijọ́ ló kọ lù mí nímú. Mo sáà rọ ọ́ sínú jẹnẹrétọ̀. Ó gbiná lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́, ó kú. Mo fa okùn títí apá fi ń ro mí. Nígbà tí mẹkáníìkì tú kábúrétọ̀, ohun kan bí oje igi ti dí ihò tíntín tí epo ń gbà kọjá.

Orúkọ ló tàn mí jẹ. Epo là ń pe méjèèjì, àmọ́ bẹntiróò kì í ṣe ohun kan ṣoṣo, àdàlù ni. Èyí tó fúyẹ́ jù nínú rẹ̀, tó máa ń tètè gbiná, òun náà ló máa ń kọ́kọ́ sá lọ. Mo máa ń rí i tí kẹ́ẹ̀gì mi ń wú lọ́sàn-án, tó ń rọlẹ̀ lóru, mi ò bi ara mi léèrè ìdí. Èyí tó kù, afẹ́fẹ́ á bá a jà, á di oje. Bí ìdérí bá le dáadáa tí ibẹ̀ sì tutù, ó lè lo oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Nínú ooru tiwa yìí, mẹ́ta ni mò ń kà. Dísù máa ń pẹ́ jù ú lọ, bí omi ò bá ti wọ inú rẹ̀.

Ti owó ò tiẹ̀ dùn mí tó ti abẹ́ àtẹ̀gùn yẹn. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára bẹntiróò wúwo ju èyí tí à ń mí lọ, ilẹ̀ ló máa ń rá gbà títí á fi bá iná pàdé. Ilé ìdáná wa kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ mi ń fi àbẹ́là kọjá níbẹ̀! Ilé iṣẹ́ Egbin tó ń pèsè iná mànàmáná, tó lè fún Nàìjíríà ní 1,320 mẹ́gáwáàtì, Ìkòròdú níbí ló wà o, àwa la tún ń kó ohun ìjóná sábẹ́ àtẹ̀gùn.

Ní báyìí, 10 lítà ni mò ń tọ́jú, nínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n dìídì ṣe fún epo, lẹ́yìnkùlé, níbi tí oòrùn ò dé. Mo kọ ọjọ́ tí mo rà á sí i lára. Lánlọ́ọ̀dù wa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní mò ń kọ déètì sára epo bíi búrẹ́dì. Bí mo bá mọ̀ pé mi ò ní tan jẹnẹrétọ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo máa ń ti ọ̀nà tí epo ń gbà wọ kábúrétọ̀ pa nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, kó lè jó èyí tó kù nínú kábúrétọ̀ tán, kó kú fúnra rẹ̀.

Kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta tó kù, mẹkáníìkì ló kó wọn lọ, ó ní òun á fi fọ irin. Ó kó o lọ́fẹ̀ẹ́, ó tún gbowó iṣẹ́.