AI kì í rí kóòdù tó wà lẹ́yìn irinṣẹ́ yín

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń kọ ejẹ́ńtì AI, ìyẹn AI tó ń pe irinṣẹ́ (kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ kan pàtó) láti bá wa ṣiṣẹ́, ló gbà pé bí mọ́dẹ́lì, ìyẹn AI tó ń ronú nínú ejẹ́ńtì náà, bá ti gbọ́n dáadáa, kò sí irinṣẹ́ tó lè rú u lójú. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ kọ kóòdù irinṣẹ́, tó wá fi ìlà kan péré ṣe àpèjúwe rẹ̀: "Ó ń wá oníbàárà." Wọ́n ní mọ́dẹ́lì á fúnra rẹ̀ wo kóòdù, á sì mọ ìyókù.

Irọ́ ni. Nǹkan mẹ́ta ló ń dé ọ̀dọ̀ mọ́dẹ́lì: orúkọ irinṣẹ́, àpèjúwe tí ẹ kọ, àti JSON (ọ̀nà ìkọ̀wé tí kọ̀ǹpútà fi ń to dátà) tó ń sọ ohun tí irinṣẹ́ náà ń gbà. Mọ́dẹ́lì á kà wọ́n pọ̀ mọ́ ìbéèrè òǹlò, á kọ orúkọ irinṣẹ́ tó fẹ́ àti ohun tí irinṣẹ́ náà máa fi ṣiṣẹ́. Kóòdù tiyín ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn gan-an, tí á sì dá èsì padà fún un. Bó ṣe rí nìyẹn nígbà tí OpenAI, ilé-iṣẹ́ tó ni ChatGPT, gbé function calling (ọ̀nà tí mọ́dẹ́lì fi ń pe irinṣẹ́) jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú MCP, ìlànà tó ń so AI pọ̀ mọ́ irinṣẹ́, tí Anthropic, ilé-iṣẹ́ tó ni mọ́dẹ́lì Claude, gbé jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Bó ti wù kí mọ́dẹ́lì gbọ́n tó, kò lè mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un.

Ẹ tún wo "Ó ń wá oníbàárà" yẹn. Ṣé orúkọ ni a fi ń wá a ni, àbí nọ́ńbà? Bí ẹni méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan náà ńkọ́? Bí èsì bá ṣófo, kí ló túmọ̀ sí? Mọ́dẹ́lì á kàn méfò ni. Á kọ orúkọ síbi tó yẹ kí nọ́ńbà wà, tàbí kó rí èsì tó ṣófo, kó sì fi ìdánilójú sọ fún òǹlò pé oníbàárà náà kò sí. Bí èmi ṣe máa kọ ọ́ rèé:

"Fi nọ́ńbà oníbàárà wá àkọsílẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Ó ń dá orúkọ, ímeèlì àti ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ padà. Kì í mú àkọsílẹ̀ ohun tí ẹni náà rà wá. Bí o kò bá mọ nọ́ńbà rẹ̀, kọ́kọ́ lo irinṣẹ́ tó ń fi orúkọ wá ènìyàn. Bí èsì bá ṣófo, nọ́ńbà náà ni kò tọ̀nà: bi òǹlò léèrè, má ṣe méfò."

Gbólóhùn tó sọ ohun tí irinṣẹ́ kì í ṣe ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀, òun gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò. Òun ló ń ya irinṣẹ́ méjì tó jọra sọ́tọ̀. Ẹ má fojú kéré orúkọ àwọn parameter náà, ìyẹn àwọn ohun tí irinṣẹ́ ń gbà: "user_id" yé ni ju "user" lọ.

Kì í sì í ṣe mọ́dẹ́lì tí kò lágbára nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Nígbà tí Anthropic gbé irinṣẹ́ tí Claude fi ń wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì jáde, wọ́n ṣàkíyèsí pé Claude ń fi "2025" kún ohun tó ń wá láìnídìí, èyí tó ń darí èsì gba ibi tí kò yẹ. Àpèjúwe irinṣẹ́ náà ni wọ́n tún kọ. Ejẹ́ńtì tí wọ́n kọ fún SWE-bench, ìdánwò tí a fi ń mọ bí AI ṣe lè tún kóòdù ṣe tó, náà ń ṣi ọ̀nà fáìlì kọ bó bá ti kúrò ní fódà tó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yí irinṣẹ́ padà kó lè jẹ́ pé ọ̀nà fáìlì ní kíkún nìkan ló ń gbà, wàhálà náà sì tán.

Àwọn kan á ní àpèjúwe gígùn ń jẹ tókìnì, ìyẹn àwọn ègé ọ̀rọ̀ tí mọ́dẹ́lì ń kà. Òótọ́ ni, ó ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ejẹ́ńtì bá ṣi irinṣẹ́ pè, tó ka èsì tí kò wúlò, tó tún un pè, ìyẹn náà ń jẹ tókìnì, ó sì ń fi òǹlò sílẹ̀ pẹ̀lú ìdáhùn tí kò tọ́. Ìtọ́sọ́nà Anthropic dábàá gbólóhùn 3 sí 4, ó kéré tán, fún irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí tókìnì bá ń dùn yín, irinṣẹ́ tí ejẹ́ńtì kì í lò ni kí ẹ yọ kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí àkọsílẹ̀ àwọn irinṣẹ́ tí ejẹ́ńtì pè, ẹ wá ibi tó ti mú irinṣẹ́ tí kò yẹ, ẹ tún gbólóhùn tó ṣì í lọ́nà kọ, kí ẹ sì tún fi ìbéèrè kan náà dán an wò.